Ẹ Má Jẹ́ Kó Di Ọjọ́ Ẹjọ́ Kí Ẹ Tó Sọ Ìtàn Ilé Fún Wa

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ní agboolé wa n'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i kí àwọn bàbá wa jókòó pọ̀ láti sọ ìtàn ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́ẹ̀kíní, ilẹ̀ kan ni wọ́n fẹ́ tà. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fẹ́ fi mọ́gàjí tuntun jẹ. Ní ọjọ́ méjèèjì, wọ́n lé àwa ọmọdé jáde kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì yẹn, mo lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé ọmọ mẹ́rin ni bàbá ńlá wa bí. Àbúrò wọn ní irọ́ ni, mẹ́fà ni. Ẹnìkan ní Ọ̀yọ́ Ilé la ti wá, ẹlòmíràn ní Ìkòyí ni. Lọ́yà kan jókòó sáàárín wọn, ó ń kọ èyí tó máa wúlò fún un sílẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn fèrèsé rí i kedere pé kálukú ti mọ ohun tó fẹ́ gbà lọ́jọ́ náà kó tó la ẹnu sọ ìtàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ nìyí. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í bá àgbà fa ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò ìdíje yìí ní kí a sọ ohun tó wà lọ́kàn wa, nítorí náà ẹ fi ojú ọmọ yín wò mí. Mo ní ìtàn ìdílé kì í ṣe ẹrù tí àgbà gbọ́dọ̀ dì pa mọ́ títí di ọjọ́ tí ilẹ̀ bá dá ìjà sílẹ̀. Ó yẹ kí ilé ìwé kọ́ wa bí a ṣe ń wá a, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹjọ́ lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ kan ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kò burú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà láàárín ìlú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń kọ́ni.

Ẹnìkan lè sọ pé a ti ń ṣe é nílé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, a ṣe é. Nígbà tí mo wà ní JSS2, olùkọ́ wa ní kí a ya igi ìdílé, kí a kọ orúkọ bàbá, ìyá, bàbá àgbà àti ìyá àgbà sí i. Mo fi lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé kun ewé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí wo tèmi, ó sì fi orúkọ àwọn tirẹ̀ dípò. Ibi tí kò ti mọ orúkọ ìyá àgbà rẹ̀, ó kọ «Màmá Ìbàdàn». Àwa méjèèjì gba máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè pé ta ló sọ fún yín, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni. Igi yẹn dára lójú, ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò.

Ìyá tó bí màmá mi ló mú mi dé ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ gidi. Wọ́n ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù fún àwọn nìkan. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà ní àdúgbò wọn tó máa ń pàdé nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà, akọ̀wé ìjọ kan wà, bàbá onílù kan náà sì wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi tí a bá dárúkọ ìdílé. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wá ìtàn ìdílé ara wọn, kí wọ́n sì máa ran ẹni tó bá fẹ́ wá tirẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n kọ ohun mẹ́ta tó dá mi lójú nípa ara mi. Mo kọ ọjọ́ ìbí mi. Bàbá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí wò mí, wọ́n ní, «Ta ló sọ fún ọ?»

Mo ní, «Ó wà nínú ìwé ìbí mi, sà.»

«Ta ló sọ fún ẹni tó kọ ìwé náà?»

Mo dákẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kì í ṣe pé irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohunkóhun tí mo bá kọ, kí n kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo yìí ti kọ́ mi ju gbogbo igi tí mo yà ní JSS2 lọ. Ká ní àwọn bàbá wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò ní máa jà lórí ọmọ mẹ́rin tàbí mẹ́fà lójú lọ́yà.

Ẹ̀kọ́ kejì ni bí a ṣe ń mọ ọdún tí ẹni tí kò ní ìwé ìbí ti dáyé. Àwọn àgbà wa kò ka ọdún bí a ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n wọ́n rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n ní bébà gígùn kan tí wọ́n kọ irú àwọn nǹkan báyìí sí: ogun Hitler láti 1939 sí 1945, ìwé kíkà ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, ọdún 1972 tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, 1973 tí a pa pọ́n-ùn tì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, àti Omíyalé ti odò Ògùnpa ní 1980. Bí ìyá kan bá sọ pé òun ń fún ọmọ kan lọ́mú lọ́wọ́ nígbà tí Omíyalé dé, o ti mọ ibi tí wàá fi ọmọ náà sí.

Mo lọ dán an wò lórí bàbá tó bí bàbá àgbà mi. Wọ́n kú ní 2016, ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ìsìnkú àti sára ìwé ètò ìsìnkú ni pé ẹni ọdún 112 ni wọ́n. Gbogbo wa ló gbà á, inú wa sì ń dùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ ìtàn kan tí bàbá fẹ́ràn láti máa sọ: pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn Mápó, àwọn kéré débi pé àwọn kò lè gbé iyanrìn, omi ni wọ́n máa ń rán àwọn. Wọ́n ṣí Mápó ní 1929. Bí bàbá bá jẹ́ ẹni ọdún 112 ní 2016, wọ́n ti tó ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní 1929. Ta ni yóò máa rán ọkùnrin ọlọ́dún márùndínlọ́gbọ̀n ní omi nítorí pé kò lè gbé iyanrìn? Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni wọ́n á jẹ́. Ìyẹn ni pé wọ́n sún mọ́ ẹni ọdún 96 nígbà tí wọ́n lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, àbúrò bàbá mi kan ní mo fẹ́ yọ ọdún kúrò lára òkú. Mi ò yọ ọ́. Àwọn tó tẹ pátákó ló fi kún un.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé oríkì jẹ́ ẹ̀rí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n lè fi wú ènìyàn lórí níbi ìgbéyàwó nìkan ló wà fún. Bàbá onílù ní bí ìdílé bá gbàgbé ìlú tí wọ́n ti wá, kí a lọ gbọ́ oríkì orílẹ̀ wọn. Kí a wo èèwọ̀ wọn. Kí a wo ilà tó wà lójú àwọn àgbà wọn, bóyá àbàjà ni tàbí pélé. Kí a wo orúkọ: Àyàn kì í ṣàdéédé wà nílé tí kò sí ìlù, Ọ̀jẹ̀ kì í wà nílé tí kò sí eégún. Ohun kan ṣoṣo nínú wọn kò tó láti gbára lé, nítorí ènìyàn lè yí orúkọ padà, ó sì lè kọ ilà ìlú tó lọ gbé. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá fẹnu kò, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Oríkì tiwa, ti Oníkòyí ni. Bàbá tó ní Ìkòyí la ti wá kò purọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó ní Ọ̀yọ́ Ilé náà má purọ́, nítorí ẹnìkan lè ti Ìkòyí lọ sí Ọ̀yọ́ kó tó di pé ogun lé e dé ìhín. Ibùdó àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ègbá ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829. Ta ni nínú wa tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá ti parí ìjà tó gba gbogbo ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ohun tí àwọn tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ń wí.

Àwọn kan ní WAEC ni kí n kọjú mọ́. Mo kọjú mọ́ ọn. Sátidé kan lóṣù kan kò lè mú kí n fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ṣebí ìṣirò náà ni mo lò fún ọjọ́ orí bàbá. Àwọn mìíràn ní oríkì àti orúkọ àtijọ́ ti ní òrìṣà nínú, àwa sì ti di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ bá sọ Fá di Olú nínú orúkọ yín, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí o kọ ọ́ síbì kan pé Fá ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọmọ rẹ lè mọ̀ pé òun àti àwọn tó ń jẹ́ Fá ní òdìkejì òpópónà jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà kó tó lọ fi ọ̀kan nínú wọn ṣe aya.

Èyí tó le ni ti àwọn tó ní kí a má tú ìdí ọ̀rọ̀, pé yóò dá ìjà sílẹ̀. Mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ìyá kan wà nílé wa tí a máa ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ìyàwó àbúrò bàbá tó kú ní 2016 yẹn ni wọ́n, àwọn ni ìyàwó ilé tó dàgbà jù. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi oríkì kí bàbá mi, wọ́n a sì máa dárúkọ Ìjàyè níbì kan nínú rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, kò jọ mí lójú. Lẹ́yìn tí mo dé ẹgbẹ́ ni mo ronú pé, kí ni Ìjàyè ń wá nínú oríkì ọmọ Oníkòyí? Mo lọ bi wọ́n. Wọ́n ní ti ìyá ni. Pé ìyá tó bí bàbá tó bí bàbá tó kú ní 2016, ọmọbìnrin Ìjàyè ni wọ́n, wọ́n kó wọn wá sílé yìí nígbà ogun, wọ́n ṣì kéré. Ìbàdàn ló fọ́ Ìjàyè ní 1862, lẹ́yìn ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ọ̀pọ̀ ará Ìjàyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ mìíràn wá sí Ìbàdàn lẹ́rú. Ọ̀kan nínú àwọn yẹn ló bí wa.

Mo fi ayọ̀ sọ ọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n ní, «Ta ló rán ọ pé kí o máa hú òkú nílẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá lọ́mọ ẹrú lọ́jọ́ tí a bá ń pín ilẹ̀ ni?»

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ síta, nítorí ó fi hàn pé ẹ̀rù ìpín ilẹ̀ ló ń bà wọ́n. Ilẹ̀ ló sọ ìyá wa di ohun ìtìjú. Bí gbogbo wa bá ti mọ̀ láti kékeré pé ìyá Ìjàyè ló bí wa, ta ni yóò wá fi bú wa? Àjàyí Crowther kò fi pamọ́ pé wọ́n kó òun lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ní 1846, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, òun àti ìyá rẹ̀ fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. A ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn títí dòní. Kí ló wá dé tí ìyá tiwa tó la irú ogun bẹ́ẹ̀ já kò gbọdọ̀ ní orúkọ nínú ilé tó bí?

Ohun mìíràn tó yẹ kí n sọ nìyí. Nínú gbogbo orúkọ tí lọ́yà yẹn kọ sílẹ̀, kò sí ti obìnrin kan. Bàbá bí bàbá, bàbá tún bí bàbá, bí ẹni pé wọ́n bí ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn obìnrin ilé ló mọ oríkì. Àwọn ló ń fi kí ọmọ láàárọ̀, àwọn ló ń fi sun ẹkún òkú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọbìnrin, ilé ọkọ ni wọ́n máa ń sọ pé mò ń lọ, kí ni mo fẹ́ fi ìtàn ilé ṣe? Ìdáhùn mi ni pé bí wọn bá lè fi ẹnu obìnrin pa ìtàn mọ́, ó yẹ kí wọ́n lè fi orúkọ obìnrin sínú rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ mọ orúkọ ìyá Ìjàyè yẹn. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà gùn, kí n wá jókòó dáadáa, kì í ṣe ohun tí a ń sọ lórí ìdúró. Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà, bàbá mi sì ní kí n parí ìdánwò ná. Mo parí rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá Ẹlẹ́kọ ti kú ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà. Ìwé ètò ìsìnkú wọn ní àwòrán mẹ́rìndínlógún aláwọ̀ mèremère. Ìlà mẹ́fà ni ìtàn ìgbésí ayé wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọjọ́ àṣà tí a ń wọ aṣọ òkè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò tó. Ẹ pe irú àwọn àgbà tí mo sọ yìí wá sí kíláàsì fún sáà kan. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé owó orí àtijọ́ wá láti inú àpótí nílé, àti ìwé kòkó, àti ìwé ìrìbọmi. Ẹ mú wa dé ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí nínú Yunifásítì Ìbàdàn, kí a rí i pé ìwé náà lè ṣìnà bí ẹnu ṣe ń ṣìnà. Kí ẹ sì fi máàkì sí orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fún wa, kì í ṣe sí ewé tí a kùn. Kí ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Samuel Johnson parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé ni àbúrò rẹ̀ Obadiah fi tún un kọ kó tó jáde ní 1921. Ká ní kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé ńkọ́?

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní kí ẹ sọ ohun gbogbo fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le jù, ẹ sọ pé ó le, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ óò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wá sílẹ̀ kí lọ́yà ló máa kọ́kọ́ sọ fún wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò bẹ̀ mí, èmi náà kò sì retí rẹ̀. Wọ́n kàn bi mí pé kí ni Ìyá Ẹlẹ́kọ sọ fún mi gan-an, mo sì kà á fún wọn láti inú ìwé mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n padà wá ní Sátidé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kí n má mú fóònù dání, kí n mú bírò. Àwọn nìkan ló kù nílé wa tó dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀. Èkíní nínú wọn ni orúkọ ìyá náà.